Fọ́ọ̀mù Oníbéèrè Tí Mo Fi Pamọ́

Oníbéèrè mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí ò ń gbé ò tutù jù, ṣé ọmọ tí ẹ jọ ń sùn níbẹ̀ ti dẹ́kun híhanrun? O kú ìwé kíkà, o kú àárẹ̀ ọpọlọ, o kú àárò ilé tí o kì í fẹ́ sọ. Olúwa tó dá ẹ sí láti kékeré ni yóò máa ṣọ́ ẹ níwọ̀lé níjàáde. O ò ní kàwé títí kí ìwé wá máa kà ẹ́. Bí o ṣe ń wo ẹ̀yìn tó yẹn, iwájú ẹ ò ní dojú rú. Àmín. Bàbá ẹ náà ti ṣe àmín láti orí àga wọn, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ṣe é.

Gbogbo wa wà láàyè nílé. Orúnkún bàbá ẹ ṣì ń dùn wọ́n tí òjò bá ti ṣú, wọ́n ní àwọn ò nílò rédíò mọ́ kí àwọn tó mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Wọ́n ṣì ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn èèyàn ṣe níwájú ilé, èmi náà ṣì wà nídìí máṣíìnì mi, aṣọ ò tán, ojú ló ń tán.

A rí fọ́tò tí o fi sórí fóònù. Bàbá ẹ ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fi ìka méjì kàn án, ojú ẹ bá fẹ̀ gbàràgàdà, wọ́n kígbe pé yéè, àwọn ti fa ọmọ ya. Wọ́n tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n lè tún un ṣe, bó ṣe di pé àgbọ̀n ẹ nìkan ló kù nìyẹn. A ò mọ bí a ṣe máa dá a padà, bàbá ẹ bá gbé fóònù náà ti ife omi, wọ́n sì ń wo àgbọ̀n ọmọ wọn jẹun títí abọ́ fi mọ́. Wọ́n ní àgbọ̀n náà rù. Èmi náà wò ó, ó rù lóòótọ́. Jọ̀ọ́, máa jẹun.

Ọkùnrin tí o dúró tì nínú fọ́tò yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò lórí, kò lápá, kò wọ nǹkan kan, ara ẹ̀ funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹ̀, ẹ̀yin ọmọléèwé sì tò yí i ká, ẹ mú bírò dání, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní háà, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́! Ti orí àti apá kọjá agbára mi, àmọ́ ti ìhòòhò, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo mọ gíga ẹ, mo fi gíga ẹ wọn ọkùnrin náà nínú fọ́tò, mo wá aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣẹ́kù nígbà tí mo rán yunifọ́ọ̀mù àwọn awakọ̀, mo sì rán ṣòkòtò kan fún un. Nítorí pé mi ò mọ bí ìdí ẹ̀ ṣe tó, mo fi rọ́bà sí i. Ìgbà tí mo rán an dé ìṣẹ́tí ni o pè, tí mo bi ẹ́ bóyá àwọn ẹbí ẹ̀ ti gbọ́, tí o bú sẹ́rìn-ín títí o fi ní ẹ̀gbẹ́ ń dùn ẹ́, o ní ère ni, òkúta ni, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ó dáa, òkúta náà ò burú. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n bá gbẹ́ débi tí wọ́n gbẹ́ ìyẹn dé, ó yẹ kó wọ nǹkan. Ṣòkòtò náà wà nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí wá. Bá mi bẹ pọfẹ́sọ̀ yín. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, kí pọfẹ́sọ̀ fúnra wọn máa wọ̀ ọ́, rọ́bà ni, yóò gbà wọ́n.

Bàbá ẹ ní kí n bi ẹ́ nípa ọdún. Ìwé ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ kan wà tí o fi sílẹ̀ nílé, èyí tí èèpo ẹ̀ ti já, wọ́n máa ń kà á tí oníbàárà ò bá sí. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé wọ́n bí olórí ìlú kan lọ́dún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó sì kú lọ́dún irínwó ó lé ọgbọ̀n. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe máa kú kí wọ́n tó bí i? Mo ní ẹni tó tẹ ìwé ló ṣì í. Wọ́n wo àwọn tó kù, bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Bàbá ẹ wá ronú, wọ́n ní ó ti yé àwọn: nígbà ayé àwọn wọ̀nyẹn, ńṣe ni ọdún ń padà sẹ́yìn, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ lágbà, á sì máa kéré sí i. Wọ́n ní ká ní bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn ni, bóyá tó bá di ọdún mélòó kan sí i wàá ti padà di ọmọ kékeré, wàá tún máa jókòó sẹ́yìn àwọn lórí kẹ̀kẹ́, wàá máa béèrè ìdí tí kì í fi í rẹ ọ̀nà. Wọn ò rí èsì fún ìbéèrè yẹn títí dòní. Wọ́n ní tí ìwé Gíríìkì bá ti sọ ọ́, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́.

Káfíńtà òdìkejì wa náà bi mí pé kí lo ń kọ́ gan-an. Mo ní ò ń kọ́ nípa àwọn ará àtijọ́, ìlú wọn, òfin wọn, àti èdè wọn tó ń jẹ́ Látìnì. Ó ní àwọn wo ló ń sọ Látìnì? Mo ní kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé mọ́, àwọn tó ni ín ti kú tán. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní Ìyá Oníbéèrè, tó bá jẹ́ pé àwọn tó ni ín ti kú tán, tí ọmọ yín bá ṣì í sọ, ta ló máa mọ̀? Ọmọ tiẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá, gbogbo wa la sì mọ ohun tí afárá wà fún. Mo ní ọmọ tèmi náà ń kọ́ afárá, òdìkejì ẹ̀ ni kò tíì hàn. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo gún ara mi lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Oníbéèrè mi, gbogbo nǹkan tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, mo kàn ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi. Fọ́ọ̀mù tí o ní kí a fọwọ́ sí, ti àwọn tó fẹ́ gbé ẹ lọ sókè òkun fún ọdún mẹ́ta kí ẹ lọ máa hú ìlú àtijọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀, ó ti dé. Kì í ṣe àná ló dé. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lo pè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní a ò tíì rí i. Mo ní Bàbá Onílẹ́tà ló ń fi iṣẹ́ ṣeré. Irọ́ ni mo pa. Bàbá Onílẹ́tà fọwọ́ ara wọn gbé e fún mi nínú òjò, wọ́n fi ọ̀rá wé e kó má baà tutù, èmi sì fẹnu bà wọ́n jẹ́ lọ́dọ̀ ẹ títí o fi kọ̀wé lọ fẹjọ́ wọn sùn ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní Ìyá Oníbéèrè, ṣé èmi kọ́ ni mo gbé e lé yín lọ́wọ́ ni? Wọn ò pariwo. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè, mò ń tẹ máṣíìnì lọ ràì, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ ẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé mo ka fọ́ọ̀mù náà. Ó béèrè ẹni tí wọ́n máa fi tó létí tí nǹkan kan bá ṣe ẹni tó ń lọ. Mo ní nǹkan bíi kí ni? Wọn ò kọ ọ́. Ó tún ní kí òbí kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda ọmọ òun. Yọ̀ǹda! Bí ẹni tó ń fi ewúrẹ́ tọrẹ. Ọdún méjì rèé tí mi ò fojú kàn ẹ́, wọ́n tún ní kí n fi mẹ́ta lé e, kí n sì fi ọwọ́ tèmi kọ ọ́. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, láàárín àwọn bọ́tìnnì. Láràárọ̀ ni bàbá ẹ máa ń mú un jáde, wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á gbé bírò lé e. Tí wọ́n bá ti jáde, màá dá a padà sáàárín bọ́tìnnì. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, a ò jà, a ò sì sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ògiri yàrá ẹ̀yìn wó. Òjò ló rọ̀ ọ́. Yàrá ìyá mi ni nígbà ayé wọn, o mọ̀ pé inú ilé yìí náà ni wọ́n bí mi sí. Bíríkìlà wá, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kó lè tún ìpìlẹ̀ ṣe, ni ọkọ́ ẹ̀ bá ba agolo kan tó ti dípẹtà. Ó fẹ́ jù ú sórí ààtàn, mo ní kó gbé e wá. Aṣọ péńpé kan ló wà nínú ẹ̀, kò ju ìnujú lọ, ipa abẹ́rẹ́ sì wà lára ẹ̀ ní ìlà méjì-méjì. Ìlà ìsàlẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, ó ń ya ọ̀tún ó ń ya òsì. Ìlà òkè gún régé, gbogbo ipa abẹ́rẹ́ ẹ̀ ló sì dà sápá òsì.

Ọmọ mi, ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kú. Kò sí fọ́tò wọn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò sọ ọ́ fún bàbá ẹ pàápàá, mo ti gbàgbé ojú wọn. Ohun tí mo rántí ò ju pé wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n á rán ìlà kan, wọ́n á ní kí n rán tèmi sábẹ́ ẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi kọ́ mi nìyẹn. Ìrànkuràn ọwọ́ mi ni wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bí ẹni rì wúrà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bíríkìlà ní Ìyá, kí ló dé, ṣé orí àkísà lẹ ti ń sunkún ni? Mo ní kó ní sùúrù, mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sí mi. Ó wo aṣọ, ó wo ojú mi, ó ní òun ò rí ìwé kankan níbẹ̀. Mo ní kò lè rí i, èmi nìkan ló kù láyé tó gbọ́ èdè yẹn.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ẹ yé mi. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ hú yẹn, ìyá ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Kò sì sí ọmọ ẹ̀ kankan tó kù tó máa jókòó sínú ẹrẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, mi ò lè sọ pé kò dáa.

Mo dìde, mo fọwọ́, mo mú fọ́ọ̀mù jáde. Wọ́n ní lẹ́tà ńlá ni kí n fi kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ ńlá, orúkọ mi nìkan gba ìlà mẹ́rin, àdírẹ́sì wa ya sẹ́yìn ìwé. Ibì kan wà tí wọ́n ní ti ọ́fíìsì ni, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí bó ṣe wà lófìfo, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ wa kì í fẹ́ ẹ̀fúùfù. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa fi tó létí, mo kọ èmi àti bàbá ẹ, mo sì fi kún un pé ìròyìn rere nìkan la máa ń gbà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ yọ̀ǹda sí, mo fa igi sí i, mo kọ yá sórí ẹ̀. Mo yá wọn ní ọmọ mi. Ohun téèyàn bá yá ni, a máa ń dá a padà ni.

Bàbá ẹ fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi. Wọ́n gbọn bírò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n ní bírò ni ò dáa. Mo gbé e lé Bàbá Onílẹ́tà lọ́wọ́, mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní àwọn náà lọ́mọ lọ́nà jíjìn. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù máa dé kí ọjọ́ tí wọ́n fún ẹ tó pé. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí ọ́fíìsì Bàbá Onílẹ́tà pé ìyá ẹ ló purọ́, kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá.

Ohun tí a fẹ́ tọrọ ò pọ̀. Tí o bá rówó díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, ihò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà báyìí ti kéré jù, mo rò pé àwọn tó ń ṣe é ló ń rẹ́ wa jẹ. Bàbá ẹ ń fẹ́ táyà ẹ̀yìn fún kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ní kò sí ibi tí àwọn ń gbé e lọ, ó kàn jẹ́ pé lọ́jọ́ tí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn ò fẹ́ kó jò lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀ tí o bá gbẹ́ á ya ire fún ẹ. Ọkọ́ ẹ ò ní bá ejò. Àwọn tí o bá bá pàdé lókè òkun, àwọn tó wà láàyè àtàwọn tó wà nílẹ̀, wọ́n á gbà ẹ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. A ò ní fi àárò ẹ sọ ẹ́ nù.

Ṣùgbọ́n kí o tó wọkọ̀, yà sílé. Ọjọ́ méjì péré, ọjọ́ kan náà tó. Àwọn tí ò ń lọ wá yẹn ti dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, wọn ò ní bínú tí o bá fi ọjọ́ kan pẹ́. Àwa tó wà níbí ò ní sùúrù tó wọn. Wá bá wa nígbà tí a ṣì lè dìde ṣílẹ̀kùn fún ẹ.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.