Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ti Dé Yàrá Yín, Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, kì í sì í ṣe àsọdùn. Yàrá tí mò ń gbé kò ní tábìlì. Orí àpótí aṣọ ni mo tẹ́ ìwé lé, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ̀wé lórí àpótí, àfi kó kúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò. Mo kí Ìyá mi, ọmọ Ìfọ́n tó wá bí mi sí Ìlobù. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Akin, àti ìyàwó wọn. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, àbúrò Ìyá mi, oníṣẹ́ iná ní Ìfọ́n. Ṣé ara yín le?

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí, nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Abíjàn níbí. Mo rí àgbò kan tí wọ́n so mọ́ òpó iná, òjò ti pa á títí. Mo rí ọlọ́kadà méjì tí wọ́n ń jà lórí èrò kan, tí èrò náà sì ti fẹsẹ̀ rìn lọ ní tirẹ̀. Mo rí ọmọ ilé ìwé mẹ́rin lábẹ́ agbòjò kan ṣoṣo. Mo rí obìnrin kan tó gbé burẹ́dì gígùn há abíyá, bóyá ọ̀kan nínú èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kó sínú àpò, ó ti já orí rẹ̀ jẹ kó tó délé. Mo rí bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ká tòsì kò, bí ẹ ṣe máa ń jókòó gẹ́lẹ́. Mo dúró wò ó títí ó fi bi mí ní Faransé pé kí ni mò ń wá. Mo ní kò sí.

Ẹ ò tíì gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ẹnu mi rí. Ilé burẹ́dì ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú la máa ń wọlé, ilẹ̀ á mọ́ kí á tó jáde. Àwọn ọkùnrin ló ń po ìyẹ̀fun, àwa obìnrin là ń ka burẹ́dì sínú àpò. Ooru inú ibẹ̀ dà bí ti ẹnu ààrò, tí a bá sì bọ́ síta, òjò àárọ̀ á máa ta sí wa lára. Wọ́n ń pe gbogbo wa tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ní Ànàgó. Mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ tí ẹ sọ mí. Owó tí mò ń rí, mò ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá mi. Wọ́n sọ fún mi pé ọṣẹ tí àwọn fi owó náà rà, ẹ kì í fi wẹ̀. Ẹ ní tiyín kò tíì tán.

Odindi ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin lẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ló mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ fúnra mi, kí àwọn ọmọ Ìlobù mìíràn tó wà lẹ́yìn odi, tí Bọ̀ọ̀dá Akin máa fi ìwé yìí hàn, lè rí i kà pẹ̀lú. Nílé wa, ọmọ tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń kúnlẹ̀ síwájú yàrá Erinlẹ̀. Bàbá á bu omi odò láti inú àwo òrìṣà, á fi tọ́ ọ lórí, á sì ṣàdúrà fún un. Èmi kò kúnlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ẹ wà lóko ẹ̀gẹ́. Mo di ẹrù mi, mo fi ẹ̀yìn ilé jáde. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi yín, ẹ ó ní kí n má lọ, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò ní lè rékọjá ọ̀rọ̀ yín. Nítorí náà ni mi ò ṣe bi yín. Mo jẹ̀bi.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti pè, tí Ìyá mi sì gbé e ní pálọ̀, ẹ ó dìde lọ sí yàrá yín lẹ́yìn àgbàlá. Mo bẹ Ìyá mi lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n gbé fóònù tọ̀ yín lọ. Wọ́n padà wá sọ fún mi pé ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé yàrá yín, ìgbà tó bá débẹ̀, ẹ ó dá mi lóhùn. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má da àwàdà Bàbá rò. Mi ò gbà á bí àwàdà. Mi ò rí i kí ẹ sọ ohun tí ẹ ò ní ṣe rí.

Òótọ́ sì ni pé kò débẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Akin ti gbé Wáífáì sí pálọ̀ nítorí iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ilé wa nípọn bí igbọ̀nwọ́ kan, mẹ́ta irú rẹ̀ ló sì wà láàárín pálọ̀ àti yàrá yín.

Ibi tí mo wà yìí ni mo ti rí ọ̀nà rẹ̀. Ilé tí mò ń gbé, Wáífáì onílé kì í dé àwọn yàrá ẹ̀yìn. Àmínátà tó ń tún fóònù ṣe, tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, mú ráútà àtijọ́ kan tí onílé ti jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa wáyà láti ara tuntun sí i lára, ló bá di pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún yàrá wa. Mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo bi í ní ìbéèrè mọ́kànlá. Ó ní ṣé ọlọ́pàá ni mí ni.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá Akin. Wọ́n ní ráútà àtijọ́ kan wà lábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́ wọn ní Òṣogbo, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n fún un ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti pálọ̀. Kí wọ́n ki wáyà bọ ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tó jọra, kí wọ́n má kì í bọ èyí tó dá wà. Mo ya bí wáyà yóò ṣe gba òkè àjà kọjá tààrà sínú ìwé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tèmi ni. Ọ̀nà tààrà tí mo yà, orí yàrá Erinlẹ̀ ló gbà. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ti gbé wáyà àti àkàbà dé láti Ìfọ́n, wọ́n sì ti mú ìṣó lọ́wọ́, nígbà tí ẹ jáde sí wọn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, wọn kò wọ ilé wa mọ́ àfi lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni ń wo eré. Wọ́n ní ẹ bi Bọ̀ọ̀dá Wàsíù pé ará Ìfọ́n, ṣé wáyà lẹ tún fẹ́ fi wọn ilẹ̀ wa báyìí? Bọ̀ọ̀dá Wàsíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n sì dáhùn láti ilẹ̀ pé rárá o, àna wa, ibi tí ẹ sin owó orí ẹ̀gbọ́n àwọn tó kù sí làwọn ń wá. Ìyá mi ní ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní a kì í kan ìṣó mọ́ ògiri yàrá yẹn, wáyà kì í sì í gba orí òrìṣà kọjá. Wọ́n bá gbé e yí ká, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná. Wáyà kò tó, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù padà sí Ìfọ́n lọ mú òmíràn wá.

Àṣìṣe kejì, èmi náà ni. Gbogbo fóònù tó bá wọ orí Wáífáì ló gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà, ráútà pálọ̀ ló sì ń pín in. Èyí tó ti gbó náà mọ̀ ọ́n pín, nítorí ọ̀gá ni níbi tó ti ń bọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ní kó ṣíwọ́ pínpín. Mo gbàgbé láti kọ ìyẹn. Àwọn méjèèjì wá ń pín nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé dàrú. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Akin ṣàlàyé ohun tó fà á, wọ́n ní orí àga yín lẹ ti sọ pé kò yani lẹ́nu, ṣé bí ọmọ tó bá ń pín ẹran níwájú bàbá rẹ̀ láìgba àṣẹ ṣe máa ń da ilé rú nìyẹn. Ìyá mi rò pé ráútà lẹ ń bá wí. Èmi mọ ẹni tí ẹ ń bá wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣiṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Akin gbé e lé ojú fèrèsé yàrá yín, wọ́n sì fún yín ní fóònù wọn tẹ́lẹ̀. Mo ní màá pè ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò lè sùn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo pè, kò wọlé. Mo pè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo pe pálọ̀, Ìyá mi gbé e, ohùn wọn dún ketekete, wọ́n ní òjò ń rọ̀, ẹ sì ti ti ilẹ̀kùn. Mo bi wọ́n pé kí ló wá ṣe é. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, àfi bí ẹ bá yọ wáyà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbá mú. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìyá mi lórí Wásáàpù, mo ní kí wọ́n sọ fún Bàbá kí wọ́n má wulẹ̀ máa yọ wáyà mọ́, mo ti gbọ́, mi ò ní pè mọ́ láéláé. Mo ti ń dákẹ́ láti kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo wá la ẹnu, ohun tí mo fi sọ nìyẹn.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Ìyá mi tẹ ohùn náà láàárín àgbàlá, wọn ò mọ̀ pé yóò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ ń họ orógbó lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, ẹ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ tún jáde, ẹ sì bi Bọ̀ọ̀dá Akin pé ṣé bàsíà irin lè di ohùn lọ́wọ́.

Bàsíà ńlá tí a fi ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ ti dojú rẹ̀ dé ráútà láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Òjò ló ṣú, mànàmáná ń kọ, ẹ sì ṣe ohun tí gbogbo ilé wa máa ń ṣe fún dígí. Bí àrá bá ti ń sán, ohun tó bá ń dán, ẹ bò ó. Bọ̀ọ̀dá Akin ṣí i kúrò, wọ́n sì sáré pè mí. Wọ́n ní kí n pe Bàbá nísinsìnyí, kí n má ṣe wulẹ̀ sọkún.

Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé e. Ẹ bi mí pé ṣé èmi ni. Mo ní èmi ni. Ẹ bi mí pé ṣé mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹ, irọ́ sì ni. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo ní ẹ yọ wáyà. Ẹ wá sọ pé nǹkan tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé, ṣé kí ẹ fi í sílẹ̀ kí àrá fọ́ ọ kí ọmọ yín tó pè ni?

Mo ní mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àdúrà tí mi ò dúró gbà fún mi. Ẹ ní àdúrà àlọ ti kọjá, a kì í ṣe é fún ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ. Àdúrà àbọ̀ ló kù, wọn kì í sì í ṣe ìyẹn lórí fóònù. Ẹ ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Mo ní màá wò ó. Ẹ ní kí n wò ó dáadáa.

"Màá wò ó" kì í ṣe èsì fún bàbá ẹni, ìdí tí mo ṣe ń kọ̀wé nìyí. Mo bá ọ̀gá ilé burẹ́dì sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun lè fi dè mí, ọjọ́ tó bá lé, òun á gba ẹlòmíràn. Mo ní mo gbọ́. Ọ̀nà nìkan yóò jẹ ọjọ́ mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀, mo sì fẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, kó bọ́. Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ máa rí mi. Bí mo bá dé tí ẹ ṣì wà lóko, mi ò ní wọlé. Màá jókòó síta pẹ̀lú ẹrù mi títí ẹ ó fi dé.

Kí ó tó dìgbà náà, bí òjò bá ṣú, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Akin yọ ráútà lára iná. Ìyẹn tó.

Erinlẹ̀ á máa tù yín lára. Oko kò ní ṣọ̀tẹ̀ sí yín, ẹsẹ̀ yín kò ní wúwo lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ ní kí wọ́n dárí ariwo tí mo pa jì mí. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará ìta, ẹ kí àwọn àna yín ní Ìfọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo parí ìwé yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni.