Igbà Tí Mo Rí Ní Ìbàdí Rẹ

Mosúnmọ́lá Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé Zoe ọmọ rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé òtútù Hyattsville ní Amẹ́ríkà ti jẹ́ kí ẹ mí díẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní sùn lórí tiyín lọ́hùn-ún. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún kẹ́kẹ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ọmọ mẹ́ta, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Tíṣà Sẹ̀kínát dé, òun ló kà á fún wa lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kántì yín, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa níbí, ti ka àwọn iṣẹ́ tí yóò wà ní agbègbè yín ní ọdún mẹ́wàá sí i, iṣẹ́ tí kì í ba afẹ́fẹ́ àti omi jẹ́, bíi ká máa so sólà mórí ilé, ká máa gbin igi, ó ní wọn yóò pọ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo bèèrè pé wòlíì ìjọ wo ló rí ìran náà, ọjọ́ mélòó ló sì fi gbààwẹ̀. Tíṣà ní kì í ṣe wòlíì, pé àwọn tó mọ ìṣirò ló jókòó tí wọ́n kà á. Mo lanu, n kò lè pa á dé. Níbí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin ẹ ń ka iṣẹ́ tí a kò tíì bí! Wọ́n tún ya òpó mẹ́fà sínú ìwé náà, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, mo sì mọ̀ pé ilé tí wọ́n kó àwọn iṣẹ́ náà pamọ́ sí nìyẹn. Nísàlẹ̀ òpó tó ga jù, wọ́n kọ ọdún tí Ọlọ́run kò tíì dá síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́. Jọ̀wọ́, bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kántì kí wọ́n fi ọ̀kan pamọ́ nínú ilé gíga yẹn fún Tọ́pẹ́ àbúrò rẹ.

Fótò tó tẹ̀ lé e ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìwọ nọ́ọ̀sì wa, lórí òrùlé ní Fort Washington, akoto lórí, odò ńlá lẹ́yìn, okùn ní ìbàdí! Ìyá rẹ figbe ta, ó ní àwọn òyìnbó ti so ọmọ òun mọ́lé bí ewúrẹ́, ká lọ bèèrè gbèsè tó jẹ wọ́n. Èmi ni mo ní kó dákẹ́, pé igbà ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi igbà gun ọ̀pẹ, n kò lè ṣì í mọ̀. Tíṣà wá kà á síwájú pé ọjọ́ tí wọ́n mú yín lọ wo iṣẹ́ sólà nìyẹn, pé iṣẹ́ òru ọsibítù ti ń pa ẹ̀yìn rẹ, o fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n o kò ní bẹ̀rẹ̀ bí n kò bá fọwọ́ sí i.

Mo máa ń sọ fún ọ pé ọjọ́ ogbó ló mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí igbà já mọ́ Rasaq ọ̀rẹ́ mi ní ìdí, tí a gbé e wálé, ni mo gbé tèmi kọ́, mo sì búra pé ọmọ mi kankan kò ní gun nǹkan kó tó jẹun. Ìdí tí mo fi ta oko rán ọ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, Mosún. Ṣùgbọ́n mo ní kí Tíṣà tún fi fótò náà hàn mí, mo rí ẹ̀rín rẹ, n kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti wọ bàálù. Oòrùn tó ń jó wa lásán níbí, ìwọ fẹ́ máa kórè rẹ̀ lórí ilé! Ta ni mo jẹ́ tí n ó ní kó o sọ̀ kalẹ̀?

Máa gùn ún. Fọwọ́ ara rẹ so igbà rẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn so ó fún ọ, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín sí ọ tó. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ láti ìsàlẹ̀, má dá a lóhùn.

Ìyá rẹ ní kí n bèèrè owó ìpara orúnkún àti owó páànù ilé ìdáná tó ń jò. Fi ti ìpara ránṣẹ́, kó o fi ti páànù ra igbà tó nípọn.

Ibikíbi tí o bá gùn, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Orí rẹ kò ní gbàgbé rẹ lókè. Má pè mí kó o tó gòkè, n kò ní lè jẹun. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ ni kó o pè mí.

Bàbá rẹ,
Akínlọ́lá