Dòdò Yamile

Màámi,

Ara mi le, Kòlóńbíà sì tura, ẹ má fòyà. Mo kàn ń ráhùn níléèwé lọ́jọ́ kan pé owó oṣù mi ò tó gbọ́ bùkátà. Yamile, ọmọ ìlú yìí tá a jọ ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ló gbọ́. "Ebi ò ní pa àlejò níṣojú mi. Ó yá, bù jẹ!" Látìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún mi.

Lánàá, akọ̀wé ṣèèṣì fún mi ní ìwé owó oṣù Yamile. Kò tó ìdajì tèmi. Ọmọ mẹ́ta ló sì fi ń bọ́. Mo dá ìwé náà padà fún akọ̀wé. Lónìí, ó tún pín dòdò, ó fún mi ní èyí tó pọ̀.

Mo jẹ ẹ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo wọn ní Jàmáíkà. Ẹ ní mo ń jẹun dáadáa.

Shernette yín