Ìbàdí Màmá Tí A Fà Bí Èjìká

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Egungun itan Màmá ti ṣẹ́ níbi tó ti wọ inú ìbàdí. Dókítà kò lè ṣèlérí pé wọn yóò tún rìn.

Nígbà tí wọ́n ṣubú níbi tí a ti ń ṣe epo, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ó ti yẹ̀ ni, kí a fi àdín ra ìbàdí náà, kí a sì fà á wọlé. "Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa èjìká tèmi? Ìwọ tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólì, di ẹsẹ̀ mú jàre!"

Ihò èjìká kò jìn. Egungun rẹ̀ lè yẹ̀, kó sì padà. Ti ìbàdí jìn. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, ṣíṣẹ́ ló sábà máa ń ṣẹ́. Mo mọ èyí. Mo di ẹsẹ̀ mú.

Lónìí, Màmá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ tìrẹ ló rọ̀ jù lọ́jọ́ náà."