Ehín Òòyà Mi Tó Wà Lójú Irin Yín

Bàbá mi, ará Èbúté Mẹ́ta tẹ́lẹ̀, tó ti wá di ará ọ̀run,

Mi ò ní béèrè bóyá ara yín le. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti sin yín, mi ò sì tíì bá yín sọ̀rọ̀, torí kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Lónìí, ó wà. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, inú ń bí mi gan-an, ẹ sì ti lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè bá yín jà. Ẹ gbọ́n o.

Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ wó ilé Èbúté Mẹ́ta, ó ní ká kó ẹrù yín kúrò kí oṣù yìí tó parí. Orúnkún Màmá ò gbà á láti gun àtẹ̀gùn mọ́, torí náà èmi ni mo lọ lánàá. Àárọ̀ ọjọ́ náà ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo wá wáyà pupa mítà tí mo fi ń yẹ iná wò, mi ò rí i. Ẹ ṣáà mọ ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, àpótí irinṣẹ́ mi ló fẹ́ràn láti máa tú. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní òun ló gbé e, mo ní kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ó sunkún lọ sílé ìwé.

Mo kó aṣọ yín, mo kó bàtà yín, mo kó rédíò mẹ́ta tí ẹ tú tí ẹ ò dì padà. Ó wá ku yàrá ẹ̀yìn, níbi tí rélùwéè kékeré yín wà lábẹ́ aṣọ.

Ẹ rántí rẹ̀, àbí wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan lọ́run? Ọ̀gá yín kan, ará Íńdíà, ló fi ta yín lọ́rẹ lọ́jọ́ tó ń padà sílùú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì kan tí kò gùn ju ọwọ́ mi lọ, kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àti ojú irin inú páálí. Ẹ tò ó sórí pákó, ẹ fi agolo mílíìkì ṣe afárá, ẹ fi páálí ìṣáná kọ́ ilé ìdúró, ẹ sì fi gílóòbù kékeré kan sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tí ẹ ti jẹun, ẹ ó fi ahọ́n kan bátìrì gílóòbù yẹn láti mọ̀ bóyá iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ojú yín á fún pọ̀, ẹ ó wá rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan lẹ máa ń jẹ́ kí n jókòó tì yín. Èmi ni mò ń di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ̀yin ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi ń lẹ wáyà, òórùn rẹ̀ a wọ inú irun mi. Kò síbi tó dùn mọ́ mi láyé tó ibẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹ ní ó sú yín kí rélùwéè máa fi ẹ̀yìn rìn padà wálé. Ẹ fi ojú irin kún èyí tó wà nílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ yí po, kí ọkọ̀ lè yí orí padà síbi tó ti wá. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé lẹ parí rẹ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè ẹ taná sí i, tiransífọ́mà tó ń gbé iná fún un rú èéfín, ó kú. Ẹ wo orí pákó, ẹ rí pínnì irun mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹ ní òun ló pa iná, ó parí. Ẹ ò bi mí léèrè ohunkóhun. Kí n tó ti ìdí ẹ̀rọ omi dé, ẹ ti dájọ́.

Orí mi ni pínnì yẹn ti já bọ́ lóòótọ́, torí náà mo gbà pé èmi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wo ló máa bá yín jiyàn, ẹ̀yin tí ẹ ń tún iná tó ń darí ọkọ̀ ojú irin ṣe? Ẹ nà mí, ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ní ọwọ́ mi ń ba nǹkan jẹ́, pé ilé àbúrò yín, Àǹtí Ìlúpéjú, ni wọ́n á ti kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń retí kí ẹ yí ọkàn padà. Lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù, mi ò rí òòyà yẹ́lò mi tí Màmá rà fún mi lọ́dún tuntun. Mo tú ilé, mo sunkún. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń wò mí. Nígbà tó yá, ẹ gbé àpótí mi lé èjìká, ẹ sì sìn mí dé ilé Àǹtí fúnra yín.

Ọdún méje, Bàbá. Mo fọ aṣọ ọmọ wọn, mo fọ ìkòkò wọn, mo jẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù. Àǹtí náà ti kú, bóyá ẹ jọ wà níbẹ̀, ẹ bi í. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ wá wò mí, ẹ ra òòyà dúdú ńlá kan wá fún mi, ẹ sì mú ẹja tí wọ́n bù fún yín, ẹ fi sínú àwo mi. Inú mi dùn débi pé abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ń tọ́jú òòyà yẹn sí. Mo rò pé ẹ ti dárí jì mí ni. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó!

Torí rélùwéè yín ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ iná. Ní Muṣin, àárín ọkùnrin ni mo ti kọ́ ọ, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Lónìí, tí ínfátà wọn bá kú, èmi ni wọ́n ń pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n tún rélùwéè náà ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní kí n fi í sílẹ̀, ohun tó ti kú ti kú. Mo rò pé ẹ ṣì ń bínú. Nígbà kẹta, inú kẹ̀kẹ́ márúwá ni mo ti ń sunkún títí mo fi délé, odindi obìnrin. Torí náà, lánàá, mo ní kí n tún un ṣe kí wọ́n tó wó ilé náà, kí ọkàn mi lè sinmi pé ohun tí mo bàjẹ́, mo ti tún un ṣe.

Mo ká aṣọ kúrò. Mo fi ahọ́n kan bátìrì mi, mi ò mọ ìgbà tí mo jogún ìyẹn lọ́dọ̀ yín. Mo kọ́kọ́ fi ojú tọ ojú irin náà lọ. Irin òsì ló ń gbé iná lọ, irin ọ̀tún ló ń gbé e padà, wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kanra. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ yí po tó fi wá pàdé ara rẹ̀, irin òsì lọ so mọ́ irin ọ̀tún. Bí ẹ bá ti lè taná sí i báyìí, tiransífọ́mà máa jó. Kò kan pínnì, kò kan irun, kò kan ọmọ kankan. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín so ó bẹ́ẹ̀.

Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní àṣìṣe ni, Bàbá ò mọ̀. Mo ti ń dárí jì yín lọ. Àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n ti fi ayùn gé irin náà, níbi méjì, irin méjèèjì. Ẹ ti rí àṣìṣe yín. Ẹ ti tún un ṣe, ẹ so súwíìṣì kékeré kan tó ń yí iná padà mọ́ ọn, iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní. Ẹ wá fi ike há àwọn ibi tí ẹ gé, kí irin má baà tún kanra. Ike yẹ́lò. Mo tẹ̀ ba, mo wò ó dáadáa. Ehín òòyà ni, mẹ́rin.

Háà, Bàbá. Kí n tó kúrò nílé ni òòyà mi ti sọnù. Lọ́jọ́ tí mò ń tú ilé kiri tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wà lójú irin yín. Ẹ mọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ sì gbé àpótí mi lé èjìká.

Kí ló dé? Ṣé torí pé ẹ ti ránṣẹ́ sí Àǹtí ni? Ṣé àgbà kì í jẹ̀bi ni, àbí bàbá kì í bẹ ọmọ? Ṣé Màmá mọ̀? Mi ò tíì bi í, ẹ̀rù ohun tó máa sọ ń bà mí. Ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo wá bẹ̀ yín yẹn, ẹ ò bínú rárá. Ẹ̀rù òòyà mi ló ń bà yín. Òòyà dúdú yẹn ńkọ́, ṣé ẹ̀bẹ̀ ni? Ẹja yẹn ńkọ́? Ẹnu la fi ń bẹ̀bẹ̀, Bàbá, a kì í fi ẹja bẹ̀bẹ̀.

Mo so bátìrì mọ́ ọn. Ó lọ. Ó gun afárá agolo, ó kọjá ilé ìdúró, ó yí po, ó sì kọjú padà sílé. Ó rẹwà, inú sì bí mi pé ó rẹwà. Mo fẹ́ràn yín, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè bínú sí yín dáadáa. Mo ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò yọ ehín òòyà náà, torí tí mo bá yọ ọ́, kò ní lè lọ mọ́.

Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi padà, wáyà mítà pupa já bọ́ láti àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì mi. Èmi ni mo fi síbẹ̀.

Mo ra bisikíìtì lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo délé, Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹnu mi wúwo, ẹ̀jẹ̀ yín ló wà lára mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n gbé bisikíìtì sí i lẹ́sẹ̀, kí n sì kọjá lọ. Mo rántí òòyà dúdú. Mo jókòó tì í, mo ní wáyà wà lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo ṣàṣìṣe, kó jọ̀ọ́ má bínú. Ilẹ̀ ò lanu. Òrùlé ò ká. Ó wò mí, ó ní ṣé òun lè wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ó sì nawọ́ sí bisikíìtì.

Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan, Bàbá. Ẹ̀yin ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí kò ba rélùwéè yín jẹ́.