Ojú Táíwò Nínú Fọ́tò Ara Ògiri

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Festac níbí fún ẹ̀yin àti Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Àjọkẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, mo sì kí Ìdòwú tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ìdòwú, rọra kà á. Bí Màmá bá ní kí o dúró, dúró.

Ara mi le. Ilé tí ìjọba fi ìbò pín fún mi dára. Àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà ló kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni wọ́n kó àwa òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ibẹ̀. Títì gbòòrò, iná sì wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà ni gbogbo agbègbè Àmùwò yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ a máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Owó oṣù ń wọlé déédéé. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ògiri kan ṣoṣo lè wà láàárín ènìyàn àti aládùúgbò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó má mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú mo máa ń rìn dé Kúje, lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀, kí ẹnì kan kàn lè bi mí bóyá mo jí ire.

Mo rí fọ́tò ìbejì tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi gbà. Ìdòwú kọ ọ̀rọ̀ yín mọ́ ọn pé omi ti wọ abẹ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì ń jẹ apá ọ̀dọ̀ Táíwò lọ. Ẹ ní kí n wá ẹni tí yóò tún un ṣe kí ojú Táíwò má baà parẹ́, nítorí ọmọ náà kò ní fọ́tò mìíràn láyé. Mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún yín, láti ibi iṣẹ́ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti gbé mi sí ẹ̀ka tó ń gbé sinimá káàkiri abúlé láti kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìlera àti iṣẹ́ oko. Kí wọ́n tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹ̀rọ, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán. Mo rò pé ẹni tó bá ti lójú ti mọ̀ ọ́n kà. Àǹtí Bísí, olùkọ́ wa, kò bá wa jiyàn. Ó fi sinimá kékeré kan hàn wá: ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó sórí àga. Ó béèrè ilé ẹni tó wọ̀. A ní ilé ara rẹ̀ ni. Ó ní Kúje ni ìlẹ̀kùn yẹn wà, ilé òun ní Festac ni àga wà, ọjọ́ tí òun ya ọ̀kan kọ́ ni òun ya èkejì. Ó ní àwa tí a ń wò ó la kọ́ ilé náà, kì í ṣe òun.

Ó wá fa fíìmù náà yọ, ó ní kí a gbé e sí ojú fèrèsé. Ìyá mi, ọkùnrin náà kò rìn rárá. Fọ́tò wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, ó sì dúró gbọin nínú gbogbo wọn. Ó ṣàlàyé pé bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, òkùnkùn díẹ̀ máa ń wà láàárín fọ́tò kan sí èkejì, ojú wa kò kàn rí i ni. Ojú wa ló ń so wọ́n pọ̀ tó fi di ìrìn. Mo di fíìmù yẹn mú títí wọ́n fi ní kí n gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ó ní kí oníkálukú mú fọ́tò kan wá láti ilé rẹ̀, kí a kà á. Tiyín ni mo mú lọ. Èmi wà lápá ọ̀tún nínú dàńṣíkí, Táíwò wà lápá òsì nínú gáùn, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó lórí àpótí, ọwọ́ lórí orúnkún. Bọ̀dá Súlè, aláwàdà iyàrá ẹ̀kọ́ wa, gbà á wò.

"Àbúrò rẹ yìí mà rẹwà jù ọ́ lọ o," ó wí. "Èènì lásán ni ìwọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó pẹ́, ó wá dá a padà fún mi.

"Kẹ́hìndé," ó wí, "má wo ojú wọn. Wo ilẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Ẹní onílà ni wọ́n tẹ́ sí abẹ́ àpótí. Àwọn ìlà náà bọ̀ láti apá ọ̀dọ̀ mi, wọ́n dé àárín, wọn kò bá ti ọ̀dọ̀ Táíwò mu. Mo wo ẹsẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi gbé sókè díẹ̀. Ti Táíwò náà gbé sókè, bákan náà gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú. Àpá kékeré kan wà lókè ojú òsì mi, èyí tí mo gbà nígbà tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó wà lókè ojú òsì Táíwò. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé Táíwò ti lọ kí n tó ṣubú.

Èmi ni mo wọ gáùn yẹn.

Àǹtí Bísí rọra sọ fún mi pé àṣà àwọn ayafọ́tò wa ni. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, èyí tó kù yóò jókòó lẹ́ẹ̀mejì, nínú aṣọ tirẹ̀ àti nínú aṣọ èkejì, wọn yóò sì so méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá ń fọ fọ́tò. Bọ̀dá Súlè wá di èjìká mi mú, ó ní kí n má bínú. Mo ní kò ṣẹ̀ mí, ọmọ méjì lèmi náà ti ń rí níbẹ̀ láti kékeré. Tí mo bá fẹ́ ṣe ìdánwò, mo máa ń kí i kí n tó jáde.

Ó kọ́kọ́ dùn mí, nítorí mo ti rò pé mo mọ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí kì í ṣe ti ibi. Mo ń rò ó pé ọwọ́ yín ló bọ́ dàńṣíkí lọ́rùn mi, ọwọ́ yín ló so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi, tí ẹ gbé mi padà sórí àpótí, tí ẹ wá lọ dúró lẹ́yìn kámẹ́rà tí ẹ ń wò mí. Mo wà níbẹ̀, n kò rántí nǹkan kan.

Ayafọ́tò tí mo gbé e lọ bá ní Agbojú mi orí. Ó ní omi ti jẹ ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà, kò sí ohun tí òun lè ṣe àfi bí mo bá ní fọ́tò rẹ̀ mìíràn. Mo fi ìka sí ọmọkùnrin apá ọ̀tún. Mo ní kó mú ojú náà láti ibẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó tún ojú mi yà, ó sì fi dí ojú Táíwò. Awakọ̀ ló ń gbé e bọ̀ yìí, nínú gíláàsì tuntun. Ẹ gbé e kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

N kò bi yín ìdí tí ẹ kò fi sọ fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ bí i lẹ mọ ojú rẹ̀ jù lọ báyìí, fọ́tò kò lè sọ ọ́ fún mi. Ṣé ó pupa ni, àbí ó dúdú bí Bàbá? Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín? Tí ẹ bá pè é, báwo ló ṣe máa ń jẹ́ yín? Ẹ sọ ọ́ fún Ìdòwú, kó kọ gbogbo rẹ̀ sí mi.

Kí Olúwa fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ẹ jèrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará àdúgbò, gbogbo ẹni tó ṣì ń pè yín ní Ìyá Ìbejì.

Èmi ni ọmọ yín,
Kẹ́hìndé