Bàbá, Ẹ Má Tíì Tẹ̀ka: Ìpín Ìjọba Kì Í Ṣe Ìpín Wa

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, Mọ́gàjí ilé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Àbújá níbí. Mo kí Ìyá mi, tó ṣì ń re oko lójoojúmọ́ bí ẹni pé ọmọ kankan kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó sinmi. Mo kí Ìyá Àgbà. Mo kí Bàbá Kékeré, tíṣà wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì fi ẹgba sílẹ̀. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rinrin. Èmi Sùlè ọmọ yín ló ń kọ̀wé, ara mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn nígbà tí fóònù wà. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì sọ pé ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí fóònù. Ó dára. Mo mọ̀ pé Bàbá Kékeré máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí lẹ́yìn ìrun àsárì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti inú ìwé ìròyìn jáde, bóyá ẹ ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó sì tún jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tiwa nìkan ni wọ́n ń kàn báyìí. Ó yẹ kí ilé mìíràn náà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyí, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa pa kajú sórí ilẹ̀ ẹbí wa lẹ́bàá odò, ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ gan-an ni igi kajú Ìyá mi wà, àwọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kó tó bí mi. Wọ́n ní ìjọba ti ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹ sọ fún mi ni pé ibi tí ìjọba bá wà, ti gbogbo wa ni, ènìyàn kì í sì í fi ohun tirẹ̀ du ara rẹ̀. Bàbá Kékeré gba fóònù lọ́wọ́ yín, ó ní kí n má dá yín lóhùn, ó ní sósíálísìmù tí àwọn kà nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ti wọ̀lú yìí, pé bí ìjọba bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpín nínú òwò olówò, ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló kù tí wọn yóò wá kó. Ó ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni Mọ́gàjí, Sátidé tó máa parí oṣù yìí ni wọ́n sì ń bọ̀ wá gba ìtẹ̀ka yín sórí ìwé.

Inú ń bí mi, Bàbá. Kì í ṣe sí yín. Ó ń bí mi nítorí pé èmi náà ti gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí, mo sì mọ ibi tó gbé mi dé.

Ẹ rántí ọdún tí mo kọ́kọ́ rí ìsọ̀ bàtà mi gbà. Mo pè yín, mo ní ọjà ìjọba ni mo wà. Ẹ yọ̀ débi pé ẹ ní kí lèmọ́ọ̀mù ṣàdúà fún mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ sì ń sọ fún ará àdúgbò pé Sùlè ti bá wọn wọ iṣẹ́ ìjọba. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ló ń mójú tó ọjà wa, ìjọba sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò ní lè rẹ́ mi jẹ níbi tí ìjọba ti ní ìpín. Mo gbàgbé láti béèrè bóyá ìjọba ọ̀hún mọ̀ mí.

Ní ọdún tó kọjá, òjò Àbújá, èyí tí atẹ́gùn máa ń gbé bọ̀ láìkìlọ̀, rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gọ́tà ọjà wa ti dí tipẹ́. Omi wọ ìsọ̀ Alájì Múfú, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ń sá léèsì olówó iyebíye sórí ògiri bí ẹni sá ẹ̀gẹ́. Àwa márùn-ún gbéra, a lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò fi ẹ̀rín sọ fún wa pé àwọn kì í ṣe ìjọba o, aládàáni ni àwọn, gọ́tà kò sì sí nínú àdéhùn, kí a lọ bá ìjọba. A lọ bá ìjọba. Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní ọjà yẹn ti wà lọ́wọ́ aládàáni, kí a padà síbi tí a ti ń bọ̀. Alájì Múfú ní kai, gọ́tà yìí kò mà ní bàbá.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, a ṣe ohun tí ẹ kọ́ wa nílé. A ṣe àáró. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì mú ṣọ́bìrì wá, àwọn aláàárù Haúsá bá wa gbé ìdọ̀tí, a gbọ́n gọ́tà náà títí ó fi mọ́. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ti oko dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àgádágodo ni a bá lẹ́nu ìsọ̀ gbogbo wa tí a fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Àwọn agbófinró dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kóńdó. Wọ́n ní a gbẹ́ ilẹ̀ ìjọba láìgba àṣẹ. Ọmọbìnrin ọjọ́sí náà ló gbé fáìlì lọ́wọ́, ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀ mọ́, kò sì jẹ́ aládàáni mọ́ lọ́jọ́ náà. Àdán tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ ni wọ́n, àmọ́ àdán tí mo mọ̀ kì í ti ìsọ̀ mọ́ ènìyàn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó sí yàrá mi lẹ́yìn Galadimawa, tí mo ń wo òrùlé.

Mi ò sọ fún yín nígbà náà. Ojú tì mí nítorí àdúà tí ẹ ti ṣe lórí iṣẹ́ ìjọba mi. Ibí yìí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń sunkún sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a jọ lo ògiri kan, sànnu tí Haúsá fi ń kíni nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, mi ò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ mọ́kànlá yẹn, abẹ́ igi kajú Ìyá mi ni ọkàn mi ń lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bí gbogbo Àbújá bá tì mí síta, ibẹ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀ wa, mo wá ẹni tó ń jókòó fún ìjọba nínú ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Kò jìnnà. Ọmọ ìlú wa ni, ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, a jọ ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Gwarinpa lóṣooṣù. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo bi í bóyá ó sọ ọ̀rọ̀ gọ́tà rí nínú ìgbìmọ̀ wọn. Ó ní òun ti ń lọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n á fún òun lóúnjẹ, òun á fọwọ́ síwèé, òun á kọ ìròyìn òun, ìròyìn á wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti yan òun, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun ní ìbéèrè kan. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí i ṣe.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì gbọ́ wa, ó fò sínú ọ̀rọ̀, ó ní sósíálísìmù tí òun ti ń pariwo rẹ̀ nìyẹn, kí ìjọba yọ ọwọ́ kúrò nínú òwò. Mo bi í pé ta ló ni nǹkan nínú sósíálísìmù. Ó ní gbogbo ènìyàn ni. Mo bi í bóyá mo wà lára gbogbo ènìyàn. Ó ní mo wà níbẹ̀. Mo wá bi í pé ta ló ti ìsọ̀ mi mọ́ mi nígbà náà. Ó ní mo fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Nítorí náà, Bàbá Kékeré, ẹ lọ jẹun yín. Sósíálísìmù tí ẹ kà nínú ìwé, bó burú bó sunwọ̀n, ohun tó ń wí ni pé kí ohun ìní jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí gbogbo ènìyàn sì lẹ́nu níbẹ̀. Èyí tí mo rí kò jọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. Olówó ló ni èrè, ìjọba yá a ní kóńdó, wọ́n sì pè é ní tiwa. Ewúrẹ́ yín wà láìléwu, ẹni tó lówó báyẹn kò wá ewúrẹ́. Mi ò sì sọ pé kí ìjọba má ní ìpín nínú òwò kankan. Ìjọba tó ní ìpín, tí a lè pè kó wá jíhìn, mo fẹ́ irú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n máa fi orúkọ wa gba nǹkan, kí wọ́n má sì mọ ilé wa.

Ẹ̀yin gan-an ni mo fi ń wọn ìjọba, Bàbá. Lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún, ẹ máa ń tẹ́ ẹní síwájú ilé, ẹ ó jókòó, ẹ ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ẹbí láti ọdún dé ọdún. Ẹnikẹ́ni láti ìdí igi èyíkéyìí, ìyá yòówù kó bí i sínú ẹbí, ló lè béèrè. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún tí Àǹtí Sífáwù, àbúrò yín obìnrin, ti ilé ọkọ wá béèrè igi igbá tó wó, pé ta ló kó pákó rẹ̀. Iṣan yọ níwájú orí yín. Ẹ ní obìnrin tó ti lọ ilé ọkọ kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ igi. Ìyá Àgbà ní kí ẹ jókòó, kí ẹ dáhùn. Ẹ dáhùn, ẹ tilẹ̀ kó gbogbo wa lọ sí inú igbó, ẹ fi kùkùté rẹ̀ hàn wá, ẹ sì dárúkọ ẹni tó kó pákó náà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tiwa.

Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín. Ní Sátidé yẹn, ẹ tẹ́ ẹní. Kí aṣojú ìjọba nínú ilé-iṣẹ́ kajú náà wá jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó. Kí Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọjọ́ wo lọ́dún ni yóò máa wá jíhìn fún wa, àti pé bí wọ́n bá ta ìpín wọn lọ́la, ta ni yóò dá ilẹ̀ padà. Bí ó bá dáhùn, tó sì fọwọ́ sí i, èmi fúnra mi á wọ mọ́tò ní Utako, n ó wá bá yín tẹ̀ka. Bí ó bá ní kí ẹ bi ilé-iṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ ní kí ẹ bi ìjọba, kí ẹ ká ẹní yín.

Wọ́n ní ẹ ti gbà nínú ọkàn yín. Ta ló bi Ìyá mi, tó ni igi? Ta ló bi Àǹtí Sífáwù? Ẹ forí jì mí fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ bí mo ti ń kọ ọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ka láìbi wọ́n, kò sí ẹni tó máa mú yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, a kò ní Mọ́gàjí mọ́. Ìjọba ni a ní nínú ilé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà àti ara líle. Ilẹ̀ tí àwọn bàbá yín fi lé yín lọ́wọ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo ará ilé, ọmọdé àti àgbà. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré tó ń ka ìwé yìí, kó má fo ibì kankan. Ẹ bá mi kí Ìyá mi lọ́tọ̀. Ẹ kí i, kí ẹ sì bi í.

Èmi ni ọmọ yín,
Sùlè